Níbi Tí Òrùlé Méjì Ti Pàdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi wà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló láṣẹ láti kọ́ kọ̀bì. Kọ̀bì ni ilé tí wọ́n yọ jáde lára ilé ńlá, tí òrùlé tirẹ̀ ga sókè, tó sì lọ kan òrùlé ilé tó bí i. Ọba ló ni ín. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé wọ́n ní 120 kọ̀bì ló wà ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́. Àmì ọlá ni ọ̀pọ̀ tó ń ka ìtàn náà ka iye yìí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun òrùlé rí yóò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kọ̀bì kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tí òrùlé rẹ̀ ti kan ti ilé ńlá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí kọ̀bì bá jẹ́ 120, a jẹ́ pé ojú 240 ni omi òjò ti ń ti orí òrùlé méjì wá pàdé. Koríko ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀, kò sì sí ibi tí koríko ti ń tètè jẹrà lórí òrùlé bí irú ojú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gba ààfin náà lọ́wọ́ òjò kò sí nínú koríko fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń ru ẹrù koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ọdún Bẹẹrẹ. Ìlú ti mọ ẹni tí àtúnṣe òrùlé ọba já lé lórí kí òjò tó kọ́kọ́ ṣú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ kọ̀bì kalẹ̀ nítorí pé ohun tó jẹ́ ti ọba nígbà kan ti di ti tálákà àti olówó ní Erékùṣù Èkó. Láti Ọlọ́wọ́gbowó dé Ìdúmọ̀tà, láti àyíká Ìgá Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó, dé Ìta Fájì, agbára káká ni a fi máa rí ilé ẹbí kan tí wọn kò fi yàrá kún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ́ ọ ti kú. Àfikún náà ní òrùlé tirẹ̀, òrùlé yẹn sì ti lọ kan ti àtijọ́. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jò, ibẹ̀ ló sì máa ń jò títí. Páànù burúkú ni àwọn kan ń dá lẹ́bi, àwọn mìíràn ní àwọn káfíńtà òde òní kò mọṣẹ́. Èmi rí i báyìí: ìtàn bí ilẹ̀ ṣe tán ní Èkó, àti bí ogún ṣe ń pín níbẹ̀, ló kó sójú ìpàdé òrùlé yẹn. Ojú náà ń jò nítorí pé kò sí ẹni tó ni ín.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀. Orí òrùlé tó tẹ́jú, omi ń bá ìdàgẹ̀rẹ̀ lọ tààrà dé etí òrùlé. Tó bá dé ibi ìpàdé, dandan ni kó yà, kó gba ọ̀nà tí òrùlé méjèèjì jọ ṣe fún un, ọ̀nà yẹn kì í sì í dàgẹ̀rẹ̀ tó bí òrùlé fúnra rẹ̀ ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó. Bí òrùlé méjì bá dàgẹ̀rẹ̀ ní digírì 30 tí wọ́n sì pàdé ní igun tó gún, ojú ìpàdé wọn kò ju bíi digírì 22 lọ. Omi ibi méjì wá di ti ọ̀nà kan, ọ̀nà náà sì lọ́ra. Èkó kì í sì í ṣe ìlú òjò kékeré: òjò ọdún kan níbẹ̀ ju mìlímítà 1,500 lọ. Ká ní òrùlé tó ń da omi síbi ìpàdé kan fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 40 lápapọ̀, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀ láàárín wákàtí kan. 2,000 lítà omi ni yóò gba ojú tóóró yẹn kọjá, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 80. Páànù tí wọ́n fi bò ó, ńṣe ni wọ́n gé e ní ìdábùú kó lè bá igun náà mu, ojú ibi tí wọ́n gé kò sì ní síǹkì tó ń dáàbò bo irin mọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ dógùn-ún, pàápàá ní ìlú tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ láti òkun wọlé. Ewé igi tó já bọ́ yóò sì lọ jókòó síbẹ̀, yóò mú ọ̀rinrin dání di ọjọ́ kejì. Bí ilé bá jẹ́ tuntun látòkè délẹ̀, káfíńtà yóò kọ́kọ́ tẹ́ páànù fífẹ̀ kan sábẹ́ kó tó kan ìyókù lé e, omi tó bá yọ́ wọlé yóò sì bá a níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé tuntun ló fẹ́ lẹ̀ mọ́ àtijọ́, ó ní láti tú apá kan òrùlé àtijọ́ kó lè ki páànù náà bọ abẹ́ rẹ̀. Títú yìí gan-an ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Ìpàdé òrùlé kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó kó dé. Agbo ilé Yorùbá àtijọ́ dá lé e. Wọ́n ń kọ́ yàrá yí akòdì ká, òrùlé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dàgẹ̀rẹ̀ sínú, ojú ọ̀run á ṣí sílẹ̀ láàárín. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òrùlé ti pàdé, ibẹ̀ ni omi ti ń ya lulẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé ìkòkò sí. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ìyá tó fẹ́ dá iná ọbẹ̀ tàbí ọmọ tí wọ́n rán lọ bu omi ló kọ́kọ́ máa mọ̀ pé igun kan ti ń já, nítorí pé omi tó yẹ kó wọ ìkòkò ti ń gba ibòmíràn lọ. Baálé kò ní sùn kó tó mọ̀. Igun òrùlé jẹ́ orísun omi fún gbogbo ilé, nítorí náà gbogbo ilé ló ń ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó sọnù ní Èkó lẹ́yìn náà kì í ṣe ọgbọ́n òrùlé. Ìṣọ́ yìí ló sọnù.

Èkó tètè ní òrùlé oríṣiríṣi. Ìtàn ìlú sọ pé orí oko ata Olóyè Arómirẹ́ ni Ìgá Ìdúngánrán wà, àti pé nígbà Ọba Akínṣẹ́mọ́yìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Potogí tó ń ṣòwò ẹrú ló kó ohun ìkọ́lé àti amọ̀ sísun wá láti fi bo ààfin náà. Ewé ọ̀pẹ àti koríko ni ìyókù ìlú ń lò, iná sì ń jó wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní England ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí páànù onígbì ní 1829. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá wó Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, aṣojú ìjọba wọn gbé inú ilé irin kan tí wọ́n ti tò jọ ní òkè òkun. Ilé náà móoru débi pé arìnrìn-àjò Richard Burton tó rí i ní 1861 fi í wé pósí. Síbẹ̀ páànù borí. Kì í gbaná, kò nílò koríko tuntun lọ́dọọdún, omi orí rẹ̀ sì mọ́ ju ti ewé lọ. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí àyíká Campos àti Bámgbóṣé, àti àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé sí Ọlọ́wọ́gbowó, fi í bo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Lára àwọn bíríkìlà Àgùdà ni João Baptista da Costa, ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 Oṣù Keje 1894. Òrùlé irú ilé Àgùdà bẹ́ẹ̀ kò rọrùn rárá: ó ga, ó ní igun púpọ̀, àwọn mìíràn tún yọ fèrèsé sórí àjà, fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì ń bí ìpàdé méjì. Wọn kò sá fún un. Ọ̀gá kan ló ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, onílé kan ló sanwó, ojú ìpàdé sì ti wà nínú ètò kí wọ́n tó gé igi àkọ́kọ́.

Onílé yẹn kú, ilé di ti ẹbí. Ibí ni ìtàn wa ti yí padà, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní 1908 ni ilé ẹjọ́ ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé Olóyè Mábìnúorí, tó ti kú láti 1874. Ẹjọ́ yẹn ni àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí dòní pé ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìpín jẹ́ ti gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kò sí ẹnì kan tó lè sọ pé apá yìí ni tèmi. Ẹjọ́ mìíràn tún wá dìde lórí ogún Sùbérù Dáwódù, ará Èkó tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án: ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ìyá kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ dá a ní 1958, ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London ní 1962, ìdí-igi sì ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ àṣà ilẹ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Òfin yìí tún ní ẹ̀ka kan tó kan òrùlé gbọ̀ngbọ̀n: ọmọ ẹbí tó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe, tàbí tó kọ́ yàrá kún un, kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ni ín. Ti ẹbí ló ṣì jẹ́.

Òfin dáadáa ni. Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ kan ta ilé bàbá lẹ́yìn àwọn tó kù, òun ni kò sì jẹ́ kí opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ di aláìnílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí òrùlé. Bí ìdí-igi kan bá nílò àyè, kò ní wó ilé. Ẹ̀yìn ilé tàbí inú akòdì ni yóò kọ́ yàrá sí, ní ìpín tirẹ̀. Òrùlé yàrá tuntun yóò lọ kan òrùlé tó wà lórí ìpín ìdí-igi kejì. Ojú ìpàdé náà wá di ààlà láàárín ọmọ ìyá kan àti ọmọ ìyá kejì. Ẹni tó ń kọ́lé kò fẹ́ tú páànù tó wà lórí ìpín ẹlòmíràn, torí títú u lè di ọ̀rọ̀ pé ó fẹ́ gba ilé. Ẹni tó ni apá àtijọ́ kò fẹ́ náwó sórí rẹ̀, torí owó rẹ̀ yóò di ti ẹbí láìní orúkọ. Káfíńtà wá gbé tuntun lé àtijọ́ lórí láìṣí i, ó fi kóòtà dí àárín, ó gba owó rẹ̀. Kóòtà yẹn yóò sán lábẹ́ oòrùn, òjò tó bá tẹ̀ lé e yóò wọlé. Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Níbi ìpàdé yìí, ẹni méjì ni eji ń rí, kálukú sì ń dúró de ẹnì kejì.

Nǹkan méjì mìíràn tún pa ìṣọ́ àtijọ́ run. Ọ̀kan ni omi ẹ̀rọ. Ní àwọn ọdún 1910 síwájú ni omi láti Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí wọ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó omi tí ìjọba fẹ́ gbà bí àwọn ará ìlú nínú gan-an. Inú mi dùn sí omi mímọ́ yẹn bíi ti gbogbo ènìyàn, nítorí ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé òpópónà ni ìkòkò abẹ́ igun òrùlé ti di ohun tí kò pọn dandan mọ́, ojú tó ń wo igun náà sì ti kúrò níbẹ̀. Ìkejì ni pé akòdì kún. Bí ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun ti ń gbòòrò, àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ilé di owó: ṣọ́ọ̀bù, ilé ìkẹ́rù, yàrá àyágbé. Òrùlé tó ti ń da omi sínú akòdì láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá ń dà á sórí ilé mìíràn. Kò tún sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí omi lè bọ́ sí.

Àwọn kan yóò sọ pé Ìbàdàn náà ní ilé ẹbí, Ìjẹ̀bú Òde náà ní, òfin ogún kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kí ló dé tí mo fi ní Èkó ló ni ìṣòro yìí? Ìbéèrè tó lágbára ni, mo sì gbà pé òrùlé ilé ẹbí ń jò níbẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó nílò àyè ní Ìbàdàn lè jáde kúrò nínú agbo ilé lọ kọ́lé sí ẹ̀bá oko. Ọ̀sà yí Èkó ká. Ẹni tó fẹ́ máa gbé níbi tí ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ìgá ẹbí rẹ̀ wà, inú ìlà ilé tó ti wà ló ti máa rí àyè. Àìsí ilẹ̀ àti àìpín ogún ló pàdé lórí òrùlé Èkó. Ọ̀kan nìkan nínú méjèèjì kò lè bí nǹkan tí mo ń sọ.

Ti páànù ńkọ́? Òtítọ́ ni pé páànù àtijọ́ nípọn, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lónìí sì fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ṣùgbọ́n bí àbùkù páànù bá tó láti ṣàlàyé jíjò yìí, gbogbo òrùlé ló yẹ kó máa jò bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù kan náà, ọjà kan náà, tí wọ́n kàn lọ́jọ́ kan náà, yóò gbẹ níbi tó ti tẹ́jú, yóò sì ti lu níbi ìpàdé. Ẹ̀sùn àìmọṣẹ́ káfíńtà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, torí ìran iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà kò dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń gbé òòlù káàkiri. Síbẹ̀, ọgbọ́n ibi ìpàdé kò ṣòro débi tí ọ̀dọ́ káfíńtà kan kò fi lè kọ́ ọ láàárín ọdún kan: páànù fífẹ̀ lábẹ́, kí ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ìṣó má ṣe wọ àárín ọ̀nà omi, kí àyè tó kù láàárín lè gba ọwọ́ láti fi gbá ewé kúrò. Ohun tí kò sí nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni àṣẹ láti tú apá tí kì í ṣe ti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un.

Ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ jù ní Erékùṣù báyìí ni pé kí a pa òrùlé tì, kí a da dẹ́kìn. Sìmẹ́ńtì kò ní ìpàdé, wọ́n ní, àti pé ọmọ tó ń bọ̀ lè kọ́ tirẹ̀ sókè. Ó yẹ kí a ṣírò rẹ̀. Dẹ́kìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 wúwo tó nǹkan bíi kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Páànù kò tó kílò 10. Ògiri tí baba ńlá ẹni mọ fún páànù ni wọ́n fẹ́ gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹta 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì, ilé ẹ̀kọ́ kan wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé sì kú. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ òrùlé ló wó ilé yẹn. Mo ń sọ pé ní àdúgbò tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó gba ìmọ̀ràn tó ń fi ẹrù kún ilé àgbà láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ìpìlẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dẹ́kìn pàápàá ní ìpàdé, níbi tó ti kan ògiri àtijọ́, omi sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìjọba náà ti dá sí i rí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní 1924, wọ́n dá àjọ tó ń tún ìlú Èkó tò, ìyẹn LEDB, sílẹ̀ ní 1928, láti 1955 síwájú sì ni àjọ náà fẹ́ wó àárín ìlú, ilẹ̀ tó tó éékà 70, kí wọ́n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961: ilé tó dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹbí tó ti ń jókòó pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan túká, àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kò rí oníbàárà mọ́. Ìṣe yẹn fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀ ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Kò sí ìpàdé òrùlé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú àwọn ènìyàn tí òrùlé náà so pọ̀ ká. Ẹ̀dùn ọkàn ni èyí jẹ́ fún mi, nítorí pé ohun tó yẹ kí wọ́n tún ṣe kò ju ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ lọ lórí ilé kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹbí bá jókòó láti pín ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n máa ń ka yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ka ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, wọ́n á sọ ẹni tí yóò máa gba owó àyágbé, wọ́n á sì fi ọ̀nà àárín, kànga àti ibojì bàbá sílẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ojú ìpàdé òrùlé ló yẹ kí wọ́n kọ tẹ̀ lé kànga: pé ti gbogbo ìdí-igi ni; pé káfíńtà tí ẹbí bá rán lè tú páànù ní apá méjèèjì láìjẹ́ pé ìpín ẹnikẹ́ni yẹ̀; pé nínú owó ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò ti máa yọ iye tí wọn yóò fi gbá ewé ibẹ̀, tí wọn yóò sì fi pààrọ̀ páànù abẹ́ rẹ̀, ní Oṣù Kẹta ọdọọdún, kí òjò tó dé.